Òkété tí Mọ́mì ń dì sílẹ̀ dè ọ́

Ìbarà, Abẹ́òkúta

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ọkọ ẹ ń kọ́? Àdùnní mi ń kọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀, torí Sátidé ni ẹni tó ń gba ẹrù wá fún ẹ máa wọ bàálù.

Mọ́mì ra òkété ní Lafẹ́nwá, àwọn tó sanra dáadáa. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti fi igi nà án, wọ́n ti yan án dúdú, àmọ́ ìrù rẹ̀ tó funfun láti ìdajì dé ṣóńṣó ṣì hàn ketekete. Wọ́n fẹ́ fi àdìrẹ tí wọ́n rà fún Àdùnní ní Ìtòkú wé e, kí wọ́n wá kì í sáàárín èlùbọ́ láfún. Mo ní, "Mọ́mì, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé." Wọ́n ní ìlú wo ló máa kọ òkété, ìlú tó ní eku nínú orúkọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ló kó bá wa, òun ló sọ fún wọn pé lédè Sípéènì, boca ni ẹnu, ratón ni eku. Ẹnu Eku ni wọ́n ń pe Boca Raton tí ò ń gbé báyìí. Mo ṣàlàyé títí pé ẹnu yẹn, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ni, pé wọ́n ní òkúta tó ń gé okùn ọkọ̀ àwọn atukọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi eku pè. Ta ló gbọ́?

Fọlákẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Láti 2003 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de òkété, nígbà tí eku tí wọ́n kó láti Gánà dé Texas kó àrùn monkeypox ran àwọn prairie dog, ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń sìn nílé níbẹ̀, tí ìyẹn sì kó o ran àwọn tó ń sìn wọ́n. Ẹran ìgbẹ́ láti Áfíríkà, ì báà jẹ́ yíyan, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì run ún pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá fara kàn án. Àdìrẹ á bá a lọ nìyẹn. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 dọ́là. Ní Fúlọ́rídà yín gan-an, òkété ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín rí ní erékùṣù Grassy Key, ó bí sínú igbó, ìjọba wá dẹ pańpẹ́ dè é. Ọmọ ọlọ́mọ tó fẹ́ bá wa gbẹ́rù, ṣé ká wá kó o sí wàhálà?

Bọ́lá ti bí, obìnrin ni. Gáàrì tún ti wọ́n sí i.

Ẹsẹ̀ Mọ́mì wú. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú náà ni wọ́n fi jókòó ti ààrò látàárọ̀, torí o sọ lórí fóònù pé o ò tíì fẹnu kan òkété láti ìgbà ìsìnkú Bàbá.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, màá wà níbẹ̀ láti bá wọn di fóònù mú. Má sọ̀rọ̀ òfin rárá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú òkété dè ọ́ di Kérésìmesì, kí o sì wálé lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè ẹsẹ̀ wọn, bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí o ní kí n mú wọn lọ sí ọsibítù láàárọ̀ Jímọ̀. Èmi ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dáhùn. Tí ìwọ bá sọ ọ́, wọ́n á lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí