Àjàní, ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́?

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Àjàní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ewúrẹ́ wa ti bí méjì, ìjì ti ṣí páànù ilé ìdáná, wọ́n sì ti ń jí ẹ̀gẹ́ wa wú lóko Ọ̀dẹdá. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ìyá kan tí a jọ ń ta àdìrẹ ló ní ọmọ òun rí ọ láàárín àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù sójà. Mo ní irọ́ ni. Mo délé, mo pè ọ́, o ò gbé e. Lọ́jọ́ kejì ni álẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ṣé òótọ́ ni?

Mi ò tíì ná owó náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tí fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀, tí gbogbo yín ń sọ pé ó jọ ọ́, àgbẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Á kọ ebè títí oòrùn á fi kan àtàrí, á tún máa kọrin. Ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní kọjá, ó di Ọ̀rẹ̀. Ogun yẹn náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀”. Ara wá ń ta àwọn ọmọkùnrin. Màmá wa ní òun ò gbà kí ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣe sójà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa, ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Òru ọjọ́ kan ló jí mi, ó ní kí n bá òun rọra ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fi tọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n má sọ. Àjàní, mi ò sọ. Àkàrà ni mo fi rà. Kí màmá wa tó mọ̀, ó ti wọ rélùwéè ní Láfẹ́ńwá.

Wọn ò kọ́ wọn pẹ́. Dìfíṣọ̀n Kejì ló bọ́ sí, lábẹ́ Murtala Muhammed. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ní kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya láti Asaba lọ sí Onitsha, torí àwọn Biafra ti já afárá. Ìbọn ń dúró dè wọ́n lódìkejì. Wọ́n lé wọn padà, wọ́n tún rán wọn lọ. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ti kú tán ni wọ́n tó yí gba Ìdá, wọn ò sì wọ Onitsha àfi oṣù kẹta 1968. Ṣé wọn ò mọ ọ̀nà Ìdá tẹ́lẹ̀ ni? Bàbá wa bi í títí ó fi kú.

Irun orí rẹ̀, èékánná rẹ̀, kò sí èyí tó délé ká rí nǹkan sin. Ìwé ló dé.

Èyí tí mi ò sọ fún yín rí ni ti Asaba. Kí wọ́n tó wọkọ̀ yẹn, àwọn ará ìlú jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń kí àwọn sójà káàbọ̀. Àwọn sójà náà ya àwọn ọkùnrin ìlú sọ́tọ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í lè pa adìyẹ ọdún! Ṣé ó wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n pàṣẹ fún un? Ikú nìkan kọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún ọ.

Olórí kunkun. Àdìrẹ ni mo tà tí o fi kàwé àgbẹ̀ ní FUNAAB. Mo mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ èṣí kò pa owó. Ṣé o ń jẹun ṣá?

Mi ò bú iṣẹ́ ológun. Nígbà tí Dahomey wá ká wa mọ́ odi Arò ní 1851, àwọn ọmọkùnrin ló gbà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn gan-an ni ilé wọn wà.

Bí o ò bá tíì fọwọ́ sí i, má fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, má fowó dí mi lẹ́nu, wá sọ ọ́ lójú mi, lọ́sàn-án, kí n bá ọ jà tẹ́rùn, kí n tó gbàdúrà lé ọ lórí. Ṣé Zaria ni wọ́n ń kó yín lọ? Ta ni n óò máa pè bí n kò bá gbúròó rẹ? Kọ nọ́ńbà onítọ̀hún gàdàgbà sínú ìwé, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.