Àkànní, Ìtàn Ilé Wa Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ìyá rẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dìde lọ sí ilé ìdáná, kò sì padà wá títí mo fi lọ pè é. A bá ọ kẹ́dùn. Ọdún mẹ́rin lo fi gbé iná fún àwọn tó ń ya fíìmù, tí o fi wa mọ́tò, tí o fi ń sùn láàárín ẹ̀fọn ní lókéṣàn. Wọ́n ní fíìmù yìí ni ìwọ náà máa darí, ìgbà tó kù dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì ní sọ pé kí o gbàgbé rẹ̀.

Gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní, "Bàbá, ilé tí mo ti jáde ló ń fà mí sẹ́yìn." Jókòó, jẹ́ ká sọ ọ́.

O mọ̀ pé Kano ni mo dàgbà sí. Réluwé ni bàbá àgbà rẹ ń bá ṣiṣẹ́, Sabon Gari la sì ń gbé. Ní 1974, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo sinimá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ilé sinimá náà kò ní òrùlé, bí o bá gbójú sókè, ìràwọ̀ lo máa rí. Mother India ni wọ́n gbé sójú aṣọ funfun lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè Íńdíà nínú wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Hausa ti wo fíìmù yẹn títí wọ́n fi ń bá wọn kọ orin inú rẹ̀ láìṣì. Alápatà kan jókòó síwájú mi, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù. Nígbà tó kan ibi tí obìnrin inú eré náà, Radha, fi èjìká ara rẹ̀ fa igi tó yẹ kí màlúù máa fà láti tú ilẹ̀ oko, alápatà yìí ṣí fìlà lórí, ó fi nu ojú. Ó dé fìlà náà padà pẹ̀lú omijé lára rẹ̀. Títí dòní ni mo ń rí i.

Mehboob Khan lorúkọ ẹni tó ṣe fíìmù yẹn. Bilimora, ìlú kékeré kan ní Gujarat, ni wọ́n bí i sí ní 1907. Àwọn òbí rẹ̀ kò lówó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ilé ìwé lọ. Kò tíì gbó nígbà tó forí lé Bombay. Ní 1927, nínú fíìmù Alibaba kan tí kò ní ohùn, ọ̀kan nínú ogójì olè ni wọ́n fi í ṣe. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní wakapáàsì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tó wà fẹ́ ṣe Alam Ara, fíìmù àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ ní Íńdíà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn fún olórí òṣèré. Wọ́n tún inú rò, wọ́n ní ẹni tí ayé ti mọ̀ làwọn ń fẹ́, wọ́n gbé e fún Master Vithal. Ní 1931 tí fíìmù náà jáde, èrò wọ́ lọ wò ó. Mo ti ro ó títí, bí ọkàn ọmọkùnrin yẹn ṣe máa rí lọ́sẹ̀ náà. Mo rò pé mo gbọ́ ọ nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́.

Ní 1935, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ darí fíìmù. Lẹ́yìn náà, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1954, ó ti kọ́ ilé tí wọ́n ti ń ya fíìmù sí Bandra, ní Bombay yẹn kan náà, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́.

Àwọn èèyàn á sọ fún ọ pé ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n iná tí kò sí ìkòkò lórí rẹ̀, igi ló ń jó dànù. Ìyà kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ká ní ó ń kọ́ni ni, gbogbo lébìrà tó wà ní Ìbàdàn yìí ì bá ti di dáírẹ́tọ̀. Mehboob kọ́ṣẹ́, ó fi ojú kọ́ ọ, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó dì mú. Faredoon Irani ló di kámẹ́rà mú fún un nínú ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀, Naushad ló ń ṣe orin láti 1946, kò sì pààrọ̀ wọn kiri. Ìwọ náà, ọmọkùnrin tí ẹ jọ ń gbé iná yẹn, tó máa ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún ọ, má fi í sílẹ̀ o.

Ohun tí ìyà fún Mehboob ni pé ó mọ bí gbèsè ṣe ń rí nínú ilé. Nínú Mother India, ìyá ọkọ Radha yá 500 rupee lọ́wọ́ olówó sógundógójì láti fi ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tí kò mọ̀wé ló tẹ̀ka sí i. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kórè, wọ́n á pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta á lọ bí èlé, ọ̀kan ni wọ́n á jẹ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sọ ìtàn ìwọ̀fà fún kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé Mehboob ti ṣe ìtàn náà rí, ní 1940, wọ́n pè é ní Aurat. Nígbà tó fi di 1957 tí Mother India jáde, ó ti ní owó, ó ti ń ṣe fíìmù aláwọ̀, ó ti ṣe fíìmù ààfin àti ọba. Ó tún padà lọ sínú ẹrẹ̀ oko yẹn. Kanhaiyalal tó ṣe olówó èlé nígbà àkọ́kọ́ náà ló tún fi ṣe é. Mother India yìí ni fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún ìdíje Oscar ti èdè àjèjì. Kò gbà á. Mehboob kú ní 1964, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni alápatà ṣí fìlà ní Kano.

Ìwé eré tí o fún mi kà nígbà Iléyá, ilé tó ní odò ìwẹ̀ ní Lekki ni, pẹ̀lú ọtí àti mọ́tò ńlá. Mo kà á tán, mi ò rí ẹnì kankan tí mo mọ̀ níbẹ̀. Mo sì mọ ìdí tí o fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O ń bò wá láṣìírí.

Ní 2003 tí ilé iṣẹ́ tí mo wà ti ilẹ̀kùn láìsan owó oṣù méje fún wa, ìyá rẹ ló lọ ń ru yanrìn fún àwọn bíríkìlà. Olówó èlé tiwa náà ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́. O rò pé a kò mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí o ń ti ilé ìwé bọ̀, o gba ibi tí ìyá rẹ ti ń ru yanrìn, o sá pamọ́ sẹ́yìn bíláàkù. O rí i. Ìyá rẹ náà rí ọ. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ ló yọ síta, bàtà kan já, o fi okùn dì í. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí o lè ráyè sá lọ.

A kò tijú rẹ̀ mọ́, Àkànní. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì fún ọ láṣẹ. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Kọ èmi náà sí i, bí mo ṣe máa ń sùn ní ọ̀sán, tí mo ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ bá mi lójúfò bó bá dé.

Bó o bá ráyè lópin ọ̀sẹ̀, wá. Ó ní òun máa sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí o má mú ẹnikẹ́ni dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o má sì tan iná sí òun lójú. Mo bi í lánàá nípa òṣùká tó fi ń ru yanrìn, mo rò pé ó ti sọ ọ́ nù. Inú àpótí aṣọ rẹ̀ ló ti yọ ọ́ jáde. Mo ti dì í sínú ọ̀rá dè ọ́. Mi ò gbọn yanrìn ara rẹ̀ dànù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.