Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Tóbi ti wọ ẹgbẹ́ Tory

Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá, 2025

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ń lo oògùn tí mo fi rán Ìyá Ṣẹ́gun sí ọ? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, pàápàá níbi tí o ti ń sín Tíṣà Àgbà jẹ. Ẹnu ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní í sọ kì í ṣe ohun tí Bàbá Tóbi gbọ́dọ̀ gbọ́ láti pálọ̀. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Tóbi ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Kì í ṣe Labour tí bàbá rẹ̀ ń dìbò fún láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí o. Tory ni, àwọn Conservative. Kì í tún ṣe pé ó kàn gba káàdì wọn. Wọ́n fẹ́ fà á kalẹ̀ fún ipò kánsílọ̀ nínú ìdìbò tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù máa ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti gbọ́, "ẹ káàárọ̀ sà" àti "hùn" nìkan ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì kan náà, èmi ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé èmi ni ògbufọ̀.

Ìròyìn tó kù ò pọ̀. Bùnmi ti bímọ, obìnrin ni, tìyá tọmọ wà lálàáfíà. Mo ti dín iṣẹ́ alẹ́ kù. Òtútù ti dé. Ata wọ́n.

O bi mí pé kí ló dé tí inú mi ò dùn tó, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ wa ló ń darí ẹgbẹ́ náà. Àdùkẹ́, inú mi dùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá pé Kẹ́mi Badenoch fi ìbò 53,806 borí Robert Jenrick tó ní 41,388, ara mi yá gágá. Olúkẹ́mi Adégòkè, tí wọ́n bí sí Wimbledon níbí, tó dàgbà sí Èkó, ló di olórí ẹgbẹ́ Churchill àti Thatcher. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó darí ẹgbẹ́ ńlá ní ìlú yìí rí kí ó tó kàn án. Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, mo sì ń kọ́ wọn tìdùnnú-tìdùnnú. Nígbà tí Igbákejì Ààrẹ Shettima ní kó yọ Kẹ́mi kúrò lára orúkọ rẹ̀ tó bá rò pé Nàìjíríà ò dáa tó fún òun, mo gbèjà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹni sọ ẹni kì í ṣe ti ìjọba.

Ṣùgbọ́n wo ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nínú ìdìbò oṣù Keje 2024, wọ́n lu àwọn Tory bí ẹní lu bàrà. Lẹ́yìn ọdún 14 lórí àlééfà, àga 121 péré ni wọ́n rí gbà nínú 650. Kò burú tó bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Labour kó 411. Maidenhead tí Theresa May, olórí ìjọba wọn tẹ́lẹ̀, ti ń ṣojú fún, ẹgbẹ́ Liberal Democrat gbà á. Witney tó jẹ́ ti David Cameron, tí òun náà ti jẹ olórí ìjọba, àwọn náà ló gbà á. Liz Truss tó ti jẹ olórí ìjọba rí pàdánù àga tirẹ̀ gan-an. Nigel Farage àti ẹgbẹ́ Reform rẹ̀ tún wá kó ìbò tó ju 14 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó sì ti ń dìbò fún Tory tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wọn wà. Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn wọn gbà sá lọ. Àwọn kan ní wọn ò le mọ́ àjèjì tó, wọ́n bá Farage lọ. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti korò jù, wọ́n bá Liberal Democrat lọ. Bí Kẹ́mi bá fa aṣọ náà bo orí, ẹsẹ̀ á yọ síta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí tí wọ́n dìbò kánsù, ó lé ní 600 kánsílọ̀ tí wọ́n tún pàdánù. Àwọn bíi tiwa ni ẹnì kẹta tí wọ́n fẹ́ fà mọ́ra, Tóbi sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi fà wá.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá bí ojú ilé wọn á ṣe fẹ̀. Ní 2002, Theresa May dìde níwájú wọn ní Bournemouth, ó sọ fún wọn pé òǹrorò ni àwọn aráàlú ń pè wọ́n. Cameron dé ní 2005, ó ní kí wọ́n wá obìnrin àti aláwọ̀ dúdú síta. Ó tún pa àmì ògùṣọ̀ wọn tì, ó sọ ọ́ di igi. (Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, òun tó bá Awo kúrò lábẹ́ ọ̀pẹ Action Group lọ sídìí ògùṣọ̀ UPN.) Ìsapá wọn so èso lóòótọ́. Helen Grant tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wọ ilé aṣòfin ní 2010. Rishi Sunak, ọmọ ìran Íńdíà, di olórí ìjọba ní 2022. Kẹ́mi ló tún kàn báyìí. Ní ti ojú, wọ́n ti yí i padà, mi ò ní jiyàn.

Ohun tí mo rí ní Sátidé àná ni mo fẹ́ kí o gbọ́.

Òjò ń rọ̀, Tóbi ní kí n bá òun jáde, pé ilẹ̀kùn máa ń tètè ṣí fún ìyá. Wọ́n ti fún un ní ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, wọ́n sì ti fi tádàwà aláwọ̀ òféfèé kun gbogbo orúkọ Yorùbá àti ti Ìgbò inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yẹn ni tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kò kọ́kọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá jẹ́ pé olùdíje ni lóòótọ́, kí ló dé tí kò lè kan ilẹ̀kùn òyìnbó?

Lífìtì ti bàjẹ́, a gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó mú ọmọ orógùn dání, òórùn irú ń ta sánsán láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Tóbi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń fi Yorùbá lú òyìnbó. Obìnrin náà gba ìwé pélébé, ó wo àwòrán Kẹ́mi tó wà níwájú rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú. Ó wá ní, "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí ló ní kí àwa tí à ń tọ́jú arúgbó má kó ọmọ wa wá?"

Tóbi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ṣùgbọ́n..."

Kò rí nǹkan kan fi tẹ̀lé e.

Ọmọ méjì ni obìnrin náà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun. Èyí àbúrò ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. 11 Oṣù Kẹta 2024 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀, Sunak ló wà níbẹ̀ nígbà náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin yìí sì kọ̀wé fún físà tirẹ̀. Ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Àbúrò náà ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó na ọwọ́ sí ìyá-ìyá rẹ̀, ó ń pè é ní Mọ́mì. Obìnrin náà ò sunkún o. Ó kàn fi ìka nu ojú fóònù bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀, ó ní, "Mo lè dìbò mà, mo ti forúkọ sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ sì ni, o lè má mọ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ní físà ń dìbò níbí nítorí pé ìlú Commonwealth ni wá. Ó fún wa ní ìwé pélébé náà padà, tọwọ́tọwọ́ méjèèjì, ó sì kí wa pé ó dàbọ̀.

Àdùkẹ́, láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. O rántí bí bàbá mi àti bàbá yín ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ lórí ayò, tí tìrẹ jẹ́ NPN, tí tèmi jẹ́ UPN pọ́ńbélé? Ní 1979, Awo ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó ní ìwòsàn ọ̀fẹ́, àwa méjèèjì sì jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ọmọ Sókótó àti ọmọ Bauchi láǹfààní bíi tiwa ni. Ṣùgbọ́n Umeadi, ọmọ Ìgbò, ni ó mú ṣe igbákejì, ará Òkè Ọya wo ìwé ìdìbò, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ márùn-ún náà ni UPN mú: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Nígbà tó máa fi di 1983 tó mú ọmọ Òkè Ọya, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá yín ló máa ń sọ ọ́, bàbá mi kì í sì í fẹ́ gbọ́, pé ẹgbẹ́ Awo ní oore, ojú tí àlejò mọ̀ ni kò ní. Ti àwọn Tory yìí wá yí padà sí òdìkejì. Wọ́n ti rí ojú tí a mọ̀. Oore tí ojú náà gbé wá fún wa ni mi ò rí. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, Kẹ́mi fúnra rẹ̀ ló ní kí àjèjì dúró ọdún 10 dípò 5 kó tó lè gba ìwé ìgbélùú pátápátá. Ta ló máa ń dúró de ìwé yẹn? Ṣebí àwa náà ni.

Mo bá Tóbi sọ ọ́ nínú ọkọ̀, mi ò sì fẹ́ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po fún ọ, nítorí pé ó ní ìdí. Ó ní, "Mọ́mì, Labour mọ̀ pé ìbò yín ti wà lápò àwọn, ìgbà wo ni wọ́n kan ilẹ̀kùn yín kẹ́yìn?" Mi ò rántí. Ó ní àwọn Yorùbá tí òun mọ̀ ń ra ilé, wọ́n ń dá òwò sílẹ̀, wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa bá wọn tọ́ ọmọ, ibo ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ì bá wà bí kì í ṣe lọ́dọ̀ Tory? Ó ní Kẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí ní Manchester lóṣù yìí pé òun máa fagi lé owó orí tí èèyàn ń san tó bá ra ilé tó fẹ́ gbé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítumọ̀. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́ sórí WhatsApp ìjọ wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, ọkàn mi gbọgbẹ́. Bàbá rẹ̀ náà kà á, kò gbèjà rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an rèé: wọ́ọ̀dù tí Labour ti máa ń wọlé ni wọ́n fẹ́ gbé fún un. Bó bá já, wọ́n á ní àwọn gbìyànjú, àwọn fi ọmọ Yorùbá síbẹ̀. Òun nìkan ni yóò máa bá wa gbé àdúgbò yìí, tí yóò máa pàdé obìnrin Ìkìrun yẹn lórí àtẹ̀gùn.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Dákun, bá mi pe Tóbi. Láti ìgbà tó ti lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ ní Òkè-Àdó, ọ̀rọ̀ rẹ ló ń wọ̀ ọ́ létí ju tèmi lọ. Má sọ fún un pé kó kúrò nínú ẹgbẹ́. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ nìkan ló fẹ́ ẹ. Ìpàdé tí wọ́n ti máa fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Kó tó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀, sọ fún un pé kó dìde níbẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìkìrun náà fún wọn bí ó ṣe gbọ́ ọ, kó sì bi wọ́n ní ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ kí òun máa fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fún un ní ìdáhùn gidi, èmi fúnra mi á bá a gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá ní kó fò ó, kó máa kan ilẹ̀kùn mìíràn lọ, yóò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ó ti tó ẹni ọdún 27, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Bàbá Tóbi mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o pè é.

Kí Bàbá Ìbejì fún mi. Mò ń retí ohùn rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́

Mo fẹ́ gbàgbé: owó tí o ní ẹ fẹ́ fún ejẹ́ǹtì tó ní òun máa bá Ṣadé wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó síbí, ẹ má san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Láti 22 Oṣù Keje ọdún yìí ni wọ́n ti ti ọ̀nà yẹn pa, wọn ò gba ẹnikẹ́ni láti òkè òkun fún iṣẹ́ náà mọ́. Labour ló tì í, kì í ṣe Kẹ́mi. Bí o bá ń bá Tóbi sọ̀rọ̀, jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ ìyẹn náà.