Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí dìgírì tó fẹ́ parí

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní o ti pinnu láti padà sílé ìwé, kí o fi bachelor, dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin, kún associate ọlọ́dún méjì tí o ní, àti pé ilé ìwé kan ń pè ọ́ ṣáá, wọ́n ní láàárín oṣù méjìdínlógún wàá ti gba dìgírì nínú ìṣàkóso ètò ìlera, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn sí ìpinnu rẹ gidigidi. Inú mi kò dùn sí ọjà tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ. Jọ̀wọ́, má tíì fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ohun tí o sọ fún mi nígbà tí mo wá bá ọ wẹ ọmọ ní Houston ni mo dì mú. O ní iṣẹ́ MLT, iṣẹ́ technician láàbù ilé ìwòsàn tí ò ń ṣe, kò sú ọ rárá. Ohun tó ń dùn ọ́ ni pé ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tó ń lo ẹ̀rọ kan náà, tó ń gbé èsì kan náà jáde, ń gba owó jù ọ́ lọ torí pé MLS, oyè sáyẹ́ńtíìsì láàbù, ni tirẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n ń wá olórí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ. Òfin CLIA ti ọdún 1988, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń darí àwọn láàbù, gba ẹni tó ní associate nínú ẹ̀kọ́ láàbù láyè láti ṣe àyẹ̀wò tó le, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín fi jọra bẹ́ẹ̀. Oyè ni kò jọra. MLS lo fẹ́ dà, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo ní o fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì alákòóso.

Nítorí náà, ibi tí ò ń lọ ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó mọ ọkọ̀ tí a ó wọ̀. Mo fara balẹ̀ ka ìlànà ASCP, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ní sátífíkéètì, tí o fi ránṣẹ́. Fún ẹni tó ti ní sátífíkéètì MLT wọn bíi tìrẹ, ọ̀nà kejì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló bá a mu. Kí ó ní bachelor láti ilé ìwé tó ní ìfọwọ́sí. Kí ó ní kírẹ́díìtì, ìyẹn òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ṣe, 16 nínú báyọ́lọ́jì àti 16 mìíràn nínú kẹ́místírì. Kí ó sì ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì gbáko nínú láàbù tó ní ìfọwọ́sí, láàárín ọdún márùn-ún tó ṣẹ́yìn. Wo ìlànà náà dáadáa: wọn ò béèrè orúkọ tí dìgírì rẹ ń jẹ́, kẹ́místírì ni wọ́n béèrè. O lè gba dìgírì ìṣàkóso yẹn lóṣù méjìdínlógún, kí gbogbo ẹbí pè ọ́ kí ọ, kí o sì délé ìdánwò kí wọ́n ní kẹ́místírì rẹ kò pé. Ìwọ náà sọ pé kẹ́místírì kan ṣoṣo lo ṣe ní community college. Ibẹ̀ ni gbèsè rẹ wà.

Nílé níbí náà, ojú mi rí i fún gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù. Ẹni tó gba dìgírì Microbiology ní yunifásítì lè mọ kòkòrò àìsàn bí ẹni mowó, ìyẹn kò sọ ọ́ di sáyẹ́ńtíìsì láàbù. Ìgbìmọ̀ MLSCN, tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀ láti máa darí iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà, BMLS, dìgírì sáyẹ́ǹsì láàbù ọlọ́dún márùn-ún, ni wọ́n mọ̀. Mo mọ àwọn technician tó fi owó oúnjẹ ọmọ wọn kàwé ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n gba dìgírì, tí wọ́n sì padà sórí àga kan náà, torí dìgírì tí wọ́n gbà kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Kò sẹ́ni tó bá wọn ka ìlànà kí wọ́n tó sanwó ni. Èmi ń bá ọ kà á báyìí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ilé ìwé kan wà tó jẹ́ pé MLT tó fẹ́ di MLS gan-an ni wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ wọn fún. Bí NAACLS, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ láàbù, bá ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ MLS náà, ẹni tó bá parí rẹ̀ lè gba ọ̀nà kìíní nínú ìlànà ASCP lọ jókòó ìdánwò, wọn ò ní ka ọdún iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ nínú láàbù ibi iṣẹ́ rẹ̀, bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbà. Ẹ ní UTMB, yunifásítì ìṣègùn, ní Galveston, kò jìnnà sí yín. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ láàbù níbẹ̀. Pe àwọn ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Ilé ìwé tó dára kì í lé ènìyàn kiri lórí fóònù.

Bí o bá pè wọ́n, má bẹ̀rẹ̀ sórí owó. Kírẹ́díìtì ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí. Bachelor máa ń tó 120, associate rẹ sì lé díẹ̀ ní 60, ṣùgbọ́n má rò pé ìyókù tí o máa ṣe ò ní ju ìdajì lọ. Irú associate tí wọ́n ń pè ní AAS lo ní, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ṣe é, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í sì í gba gbogbo kírẹ́díìtì rẹ̀ wọlé. Àwọn kan á tún ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti pẹ́ kò wúlò mọ́. Fi transcript rẹ, ìwé èsì gbogbo ẹ̀kọ́ tí o ti ṣe, ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé báyìí la gbà, báyìí ló kù. Èyí tí wọ́n bá fi ẹnu sọ, má kà á sí. Kí o sì wo orúkọ ilé ìwé náà lórí ìkànnì ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, bóyá ìfọwọ́sí tí wọ́n ní jẹ́ èyí tí àwọn yunifásítì yòókù ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣé o rántí ITT Tech, ilé ìwé aládàáni yẹn? Wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn wọn pa lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé níbẹ̀ kò sì rí ilé ìwé tó gba kírẹ́díìtì wọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń kàwé pọ̀ nínú wọn, bí ìwọ náà ṣe fẹ́ ṣe.

Ti owó kò pẹ́ sọ. Lọ bá àwọn HR ilé ìwòsàn yín, kí o béèrè ètò ìrànwọ́ owó ilé ìwé. Òfin owó orí wọn gbà kí agbanisíṣẹ́ san tó $5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láì jẹ́ kí ó san owó orí lé e lórí. Ṣùgbọ́n ka ìwé àdéhùn náà dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín àkókò kan, wàá dá owó wọn padà. Bí o bá fẹ́ yá owó ìjọba, ó kéré tán kí o máa ṣe ìdajì ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, ìyẹn kírẹ́díìtì 6 ní sáà kan. Èmi ò bá má fẹ́ kí o yá rárá. Torí ẹ̀, owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, dá a dúró títí wàá fi parí kẹ́místírì yẹn. Mo ti bá bàbá rẹ sọ ọ́, ó sì gbà. Owó ìfẹ̀yìntì wa ń wọlé, ebi ò pa wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pè ọ́ wá sọ nǹkan mìíràn fún ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti mọ́kàn le nìyí, torí àwọn ènìyàn kì í rò ó: iṣẹ́ tí ò ń ṣe lálẹ́ yẹn wà lára ẹ̀kọ́ náà. Bí ọ̀nà kejì lo bá gbà, wọn ò kàn ní ka ọdún méjì. Wọ́n fẹ́ kí o ti fọwọ́ kan ilé ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀, kẹ́místírì, hematology tó jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, microbiology ti kòkòrò àìsàn, immunology ti agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn, àti àyẹ̀wò ìtọ̀ àti omi ara. Látìgbà tí o ti débẹ̀, hematology nìkan lò ń bá mi sọ. Lọ bá ọ̀gá rẹ báyìí, fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, sọ ohun tí o ń lépa, kí o bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa yí ọ kiri àwọn ìdí iṣẹ́ yòókù. Bí láàbù alẹ́ yín kò bá ṣe microbiology, béèrè bóyá o lè gba ojú iṣẹ́ ọ̀sán níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, torí ẹnìkan ni yóò fọwọ́ sí i fún ọ lọ́jọ́ iwájú, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá tó mọ̀ ọ́ lónìí ti lọ.

Má kó ẹ̀kọ́ jọ. Kẹ́místírì tó ní láàbù tirẹ̀ tó ẹyọ kan fún sáà kan, fún ìyá ọmọ tó ń ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru, orun ni kí o kọ́kọ́ sùn, ìwé lè dúró. Jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ ẹni tí yóò gbé Ìbùkún lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ àti ẹni tí yóò se oúnjẹ. Ọkùnrin dáadáa ni, á gbà, ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́, má retí kí ó fúnra rẹ̀ mọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì á tún ní kí o fi láàbù sílẹ̀ kí o lọ ṣe nọ́ọ̀sì bíi tiwọn. Iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ wọn, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìwọ ni ọmọ tó máa ń jókòó tì mí ní láàbù ní ọlidé, tó máa ń ní kí n jẹ́ kí òun náà wo inú máíkíróskóòpù. Bí iṣẹ́ láàbù kò bá sú ọ, má jẹ́ kí wọ́n mú kí ó sú ọ.

Fi transcript rẹ ránṣẹ́ sí Galveston lọ́sẹ̀ yìí. Bí èsì bá dé, ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó dá wọn lóhùn, kí a jọ kà á. Mo kí ọkọ rẹ. Bá mi gbá Ìbùkún mọ́ra. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà ní òru.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màámi, Ìbàdàn