Ẹ̀sùn Lórí Antivirus Yín: Ó Ní Kò Séwu, Ewu Sì Ti Wọlé

Agbọwó, Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fún mi lórí ayélujára kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí, kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè dáhùn fún un. Antivirus yín tí mo fi owó mi rà kò dá fáírọ́ọ̀sì dúró. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé, bó ṣe ń kùnà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún mi pé ààbò wà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Agbọwó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé pírójẹ́ẹ̀tì wá tẹ̀, àwọn òbí ń wá yẹ èsì WAEC ọmọ wọn wò, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ń gbé pasipọ́ọ̀tù wá kí n bá a ṣe skáànù. Fláàṣì oríṣiríṣi ló ń wọ inú ẹ̀rọ mi lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ojú fláàṣì oníbàárà ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ojúlówó láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín, tí mi ò lo ayédèrú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé sórí ẹ̀rọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú oṣù kẹfà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fláàṣì wá. Fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tí àmì ara rẹ̀ jọ ti Word, àṣé iṣẹ́ ibi ló fara pa mọ́ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí a ṣí i ni orúkọ àwọn fáìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi: pírójẹ́ẹ̀tì, ìwé ètò ìgbéyàwó, pasipọ́ọ̀tù àwọn èèyàn. Gbogbo wọn hu ìrù kan lẹ́yìn orúkọ wọn, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣí mọ́. Ni ìwé kan bá yọ pé kí n lọ san bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ransomware ni, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì yín ṣì wà ní igun ìsàlẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ ewé ni, mo sì tẹ̀ ẹ́, ó ní kò séwu.

Mo fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ, mo pa ẹ̀rọ. Mo máa ń ṣe àdàkọ gbogbo iṣẹ́ sínú háàdì mìíràn ní òpin ọ̀sẹ̀, òun ló yọ mí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀, nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Èmi ni mo jókòó tẹ̀ ẹ́ padà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí ara balẹ̀, mo tú inú antivirus náà wò. Ní ibi tó jìn, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, ni mo ti rí i pé láti oṣù kejì ni kò ti gba update kankan mọ́, ìyẹn àtúnṣe tó ń jẹ́ kó dá fáírọ́ọ̀sì tuntun mọ̀. Aládùúgbò mi tó ní ṣọ́ọ̀bù kò ra antivirus lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; Defender tó bá Windows wá, tí a kì í sanwó fún, ló ń lò. A ki fláàṣì kan náà bọ ògbólógbòó kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan tí kò sí fáìlì iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Kíá ni Defender figbe ta, tó gbé fáìlì náà tì.

Òṣìṣẹ́ yín ní version tí mò ń lò ti di ti àtijọ́, ẹ ti dáwọ́ dúró lórí rẹ̀, pé oníbàárà ló yẹ kó máa yẹ ìyẹn wò fúnra rẹ̀. Ó tún tọ́ka sí àdéhùn gígùn tí èèyàn ń tẹ̀ pé òun gbà kó tó lè lo ètò náà, níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ẹ kò ní dúró fún àdánù kankan. Ẹ gbọ́ ná: oṣù kẹta lẹ yọ owó ọdún tuntun lórí káàdì mi. Ẹ ti pa version yẹn tì nígbà náà. Í-meèlì mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ ń fi ìpolówó ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí i léraléra, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé ààbò mi ti dẹnu kọlẹ̀. Ọlọ́dẹ tó ń gbowó oṣù, tó ti kúrò lẹ́nu géètì, tó wá fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní títàn kí onílé lè rò pé òun wà níbẹ̀, ṣé onílé la máa dá lẹ́bi pé kò jáde wá wò?

Mi ò ní kí ẹ gbé gbogbo ẹrù ààbò. Ti oníbàárà wà níbẹ̀. Nígbà tí WannaCry, ransomware kan, jà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) rú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Microsoft ti gbé àtúnṣe sí ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù kẹta. Wọ́n lè ká ọwọ́ gbera kí wọ́n ní ẹni tí kò gbé e sórí ẹ̀rọ ló fà á. Síbẹ̀ wọ́n tún ṣe àtúnṣe fún Windows XP, tí wọ́n ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọdún 2014, tí wọ́n sì ti kéde rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí update kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, da nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró ní July 19, 2024, ọ̀gá wọn, George Kurtz, jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wá, ó sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin kò tíì sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ fún mi.

Èmi ti ṣe tèmi. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ní kí irú wa fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí láàárín wákàtí 72 tó bá lè kó àwọn tó ni dátà sí wàhálà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sì pe àwọn tí pasipọ́ọ̀tù wọn wà lórí ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gba èébú lẹ́nu àwọn kan. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, kò sì gbà kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ ìtànjẹ ta ọjà. Àmì àwọ̀ ewé yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni.

Ẹ dá owó ọdún yìí padà fún mi. Ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ṣì ń lo version yẹn, torí ẹ mọ̀ wọ́n, kí wọ́n tó rí ohun tí mo rí. Ẹ sì tún ètò náà ṣe kí àmì yẹn máa di pupa tí update bá ti dúró, kó má ṣe jẹ́ pé inú ihò lẹ́yìn ni a ó ti máa wá òtítọ́. Bí mi ò bá gbúròó yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mo máa gbé e lọ.

Ìwé owó oṣù kẹta àti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà, níbi tí àmì àwọ̀ ewé àti déètì oṣù kejì ti hàn pọ̀, wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Agbọwó.