Àlùkò ti ń ṣá

Semarang, Indonéṣíà

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú àtijọ́ o. Ìyá Ìtòkú ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Mo ti kó lọ sí yàrá mìíràn, mo sanra, Dúpẹ́ sì bí ìbejì.

Bakitéríà aláwọ̀ àlùkò tí mo ròyìn fún ọ lọ́jọ́sí ti ń funfun o! Ìyẹn èyí tí a rí lára iyùn rírọ̀ ní àwọn erékùṣù Karimunjawa níbí. Kì í ṣe iyùn ọrùn ọba o. Eléyìí ò ní egungun òkúta, ó rí bí olú. Tí o bá fọwọ́ kàn án, á kó àwọn ọwọ́ wínníwínní rẹ̀ wọlé, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n. Ọgbà ìjọba ni ibẹ̀ láti 1999, ìwé àṣẹ la fi gé bíńtín lára rẹ̀. A lọ̀ ọ́ mọ́ omi òkun tí a ti sè, a tẹ́ ẹ sórí ágà, oúnjẹ bakitéríà tó dì bíi jẹ́lì nínú àwo. Funfun ló pọ̀ jù nínú ohun tó hù, díẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Àlùkò kan ṣoṣo ló hù, ó dúdú débi pé mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Yẹ́lò yẹn ni ọ̀gá mi ń lé, torí èròjà àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní zeaxanthin wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú àgbàdo àti nínú ẹyinjú wa. Èmi, violacein ni tèmi, èròjà tó fún àlùkò yẹn ní àwọ̀ rẹ̀. Ó ń pa Staphylococcus, kòkòrò tó ń fa eéwo. Tí a bá sì ti ní bakitéríà yìí nínú ìgò, kò sídìí tí a ó tún fi lọ gé iyùn.

Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i sínú àwo tuntun ló ń ṣá sí i. Ó ń jẹun yó, kò rí ọ̀tá, kí ló fẹ́ fi àwọ̀ ṣe? Ọ̀lẹ bíi Lékan! Mò ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n oorun ò kun ojú mi, torí owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ti yọ èyí tí mo fi pamọ́ sínú firisa, mò ń wojú àwo.

O bi mí bóyá ó ṣeé fi pa aṣọ láró. Ó ṣeé ṣe. Àwọn ará Japan fi pa sílíìkì àti òwú ní 2000, àmọ́ oòrùn tètè ń ṣá a. Fọkàn balẹ̀, elú rẹ ò tíì rí orogún.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Màmá mi ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ wọn rí oògùn lábẹ́ òkun. Inú àwo lásán ló ti ń pa kòkòrò, kò tíì kan ara ènìyàn. Jọ̀wọ́, bá mi yọjú sí wọn, fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, rí i pé o jẹ ẹ́ tán kí o tó lanu sọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí