Ẹ má pa àná ilẹ̀ wa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta fún ìjọba Èkìtì àtàwọn sọ̀fíyọ̀ wa. Ó dáa kí máàpù ilẹ̀ wa wà nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, mo fara mọ́ ọn gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá yí padà ni wọ́n á máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó kọ tuntun, a ti dáràn nìyẹn.

Ẹ wo Adó-Èkìtì, kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí di oṣù kejì 1976 tí wọ́n dá Oǹdó sílẹ̀, ìgbà tó di 1 oṣù kẹwàá 1996 ló tó di Èkìtì. Tẹ́ ẹ bá bi kọ̀ǹpútà pé ìpínlẹ̀ wo ni Adó wà ní 1990, tí kò sí déètì lára àkọsílẹ̀ yẹn, Èkìtì ló máa pè, irọ́ sì ni.

Ti ilẹ̀ ẹbí ló wá le jù. Bàbá kú, àwọn ọmọ pín pulọ́ọ̀tì kan sí mẹ́rin, ọ̀kan ta tiẹ̀, ẹni tó rà á tún dà á pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Pulọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ yẹn ò gbọdọ̀ pòórá o, kí wọ́n fi déètì tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé inú ẹ̀ ni mẹ́rin yìí ti jáde. Kí wọ́n tún kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀, torí wọ́n lè pín ilẹ̀ lóṣù kìíní kí ọ́fíìsì má gbọ́ títí ọdún á fi parí, tẹ́jọ́ bá wá dé kóòtù ńkọ́? Kì í ṣe idán, ìlànà ẹ̀ ti wà látìgbà SQL:2011, ìyẹn ẹ̀dà ọdún 2011 ti èdè tí wọ́n fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀.

Odò àti igbó ò ní òkúta ààlà ní tiwọn. Omi dáàmù Ero a kún lójò, a fà lẹ́ẹ̀rùn, kò sọ́jọ́ kan pàtó téèyàn lè ní ó yí padà. Àwòrán sátẹ́láìtì ló máa ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Landsat ti ń yà á láti 1972, ọ̀fẹ́ sì ni láti 2008, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìkùukùu máa ń bo púpọ̀ nínú ẹ̀ nígbà òjò. Àmọ́ àwòrán méjì ò lè sọ bóyá iná ló jó igbó ni àbí àwọn onígẹdú ló gé e, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú kọ́ńtíráàtì kí wọ́n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, pé kò sẹ́ni tó lágbára láti dìlíìtì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kankan l'Ékìtì.

Òǹkàwé yín láti Ìkéré-Èkìtì